Bọ́ọ̀dù fẹ́ dìbò lórí ọlọ́pàá ilé-ìwé, wọ́n sì fẹ́ gé olùdámọ̀ràn kúrò: kí ni kí n fi ìṣẹ́jú méjì sọ?

Ìyá Mojí, Maryland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú. Lọ́jọ́ Tuesday tó ń bọ̀, bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn ilé-ìwé káúńtì wa (bíi ìjọba ìbílẹ̀) máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ méjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn àárín àwọn àti ọlọ́pàá, bóyá kí ọlọ́pàá ṣì máa jókòó sí àwọn háískúùlù bíi ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn, olùdámọ̀ràn mẹ́ta (àwọn counselor tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn) tó wà ní ilé-ìwé Mojí máa ku méjì. Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fún èèyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi fúnra mi ò mọ ibi tí mo dúró sí. Mojí wà ní kíláàsì kẹwàá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa wọ háískúùlù lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti ga jù mí lọ, ohùn rẹ̀ ti ń dún bíi ti bàbá rẹ̀. Tí mo bá rántí ìbọn tí wọ́n ń yìn nílé-ìwé lórílẹ̀-èdè yìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí ọlọ́pàá mẹ́wàá dúró lẹ́nu géètì. Tí mo bá tún wo ọmọkùnrin mi báyìí, ọlọ́pàá yẹn kan náà a tún máa bà mí lẹ́rù. WhatsApp àwọn òbí ti dàrú. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ọlọ́pàá ló fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo sì ti tọrọ àyè ọjọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí n lọ fi ṣòfò.

Bàbá Káyọ̀dé

Ìyá Mojí, tèmi ò gùn. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2018, ní Great Mills High School, ní Maryland yín níbẹ̀ yẹn, ọmọ kan gbé ìbọn wá sílé-ìwé. Ọlọ́pàá tó wà nínú ọgbà ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ráúráú. Ọmọbìnrin kan bá a lọ, Ọlọ́run kó dẹ ilẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tí ì bá jẹ́?

Ọmọ Èkìtì ni mí. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n jí ọmọ ilé-ìwé gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹ̀múrè, wọ́n jí olùkọ́ àti dírẹ́bà mọ́ wọn. Ẹni tí kò tíì gbọ́ irú ìpè yẹn láti ilé ló ń sọ pé òun ò fẹ́ agbófinró.

Dàmọ́lá

Bàbá Káyọ̀dé, ẹ má bínú sà, mo fẹ́ fèsì. Ọlọ́pàá wà ní háískúùlù Parkland, ní Florida, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2018 tí wọ́n yìnbọn níbẹ̀. Ìta ló dúró sí, èèyàn 17 sì kú nínú ilé. Ní ilé-ìwé kan ní Uvalde, ní Texas, oṣù Karùn-ún 2022, agbófinró 376 ló rọ́ dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú 77 sì kọjá kí wọ́n tó wọlé bá ẹni tó ń yìnbọn. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ló kú. Mi ò sọ pé ti Great Mills kì í ṣe òótọ́. Mò ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, Ìyá Mojí, nítorí àbúrò Mojí ni mò ń rò. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà náà, a ò tíì pé ọdún kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin kan da mílíìkì sí mi lára ní yàrá oúnjẹ, mo tì í, ó ṣubú lu tábìlì. Ní ilé, pírínsípà á nà wá, ó parí. Níbí, ọlọ́pàá ilé-ìwé ló dé. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní kí n jókòó sórí àga ṣíṣu pupa kan níwájú ọ́fíìsì. Mílíìkì ṣì ń kán ní ẹ̀wù mi. Gbogbo kíláàsì bayọ́lọ́jì wa kọjá níwájú mi lọ sí láàbù.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo sì dáhùn gbogbo rẹ̀. "Yes sir, I pushed him sir." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: tí àgbà bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o ò gbọ́dọ̀ dákẹ́, o ò gbọ́dọ̀ parọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí mọ̀mí mi fi rí ìpè, mo ti jẹ́wọ́ tán. Ọmọ tó da mílíìkì, tó ní òun fẹ́ bá dádì òun sọ̀rọ̀, tó sì dákẹ́, ilé ló lọ. Èmi ni wọ́n fún ní déètì kọ́ọ̀tù.

Ìyá Mojí, Maryland

Dàmọ́lá, omi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe tọ́ tèmi gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ Bísí

Mo ń bọ̀ sórí ohun tí Dàmọ́lá sọ. Olùkọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì ni mí, ọdún kẹtàlá mi nìyí nínú iṣẹ́ náà, Maryland yìí náà sì ni. Ìyá Mojí, kẹ́ ẹ tó lọ sí ìpàdé kankan, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó lálẹ́ òní. Láti oṣù Kẹwàá 2022, òfin Maryland sọ pé tí ọlọ́pàá bá mú ọmọdé sí àtìmọ́lé, kò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kankan àfi tí ọmọ náà bá ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ti gbìyànjú gidi láti fi tó òbí létí. Ọmọ ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n fo ti lọ́yà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń di ẹjọ́ ni pé ẹnì kan á ní òun ò mú ọmọ náà, ọ̀rẹ́ lòun ń bá a sọ̀rọ̀. Kí àbúrò Mojí kọ́ gbólóhùn kan sórí bíi àdúrà: "Mo fẹ́ bá màmá mi àti lọ́yà sọ̀rọ̀ kí n tó dáhùn." Kó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó fi "sir" sí i tó bá wù ú, kó wá dákẹ́.

Ní ti ìpàdé, àwọn òbí máa ń jà lórí ẹni tí wọn ò bá mọ̀. Ọlọ́pàá tó wà ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà ní páàkì lẹ́yìn ilé-ìwé, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi nílé. Wọ́n gbé e lọ ibòmíràn láàárín ọdún. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ló ti de ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, tí ìwé IEP rẹ̀ (ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì) sì sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò rí IEP rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Nítorí náà ìwé àdéhùn yẹn gan-an, MOU ni wọ́n ń pè é, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ jáde kẹ́ ẹ kà. Ó máa wà lára àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ àjẹ́ńdà ìpàdé lórí wẹ́ẹ̀bù bọ́ọ̀dù. Ẹ wò ó bóyá ó sọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé-ìwé lè torí rẹ̀ pe ọlọ́pàá. Ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì, tó bú olùkọ́, tó dé fìlà, ti ilé-ìwé ni gbogbo ìyẹn, kí ìwé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pe òbí, ṣáájú ni àbí lẹ́yìn. Kí ẹ sì wò ó bóyá ọlọ́pàá ń gba ẹ̀kọ́ kankan lórí àwọn ọmọ tó ní IEP. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀ lẹ máa lọ béèrè.

Bàbá Káyọ̀dé

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́, ṣé ẹ̀yin ò ní bẹ̀rù tí wọ́n bá kó ọlọ́pàá lọ?

Olùkọ́ Bísí

Màá bẹ̀rù sà. Mo ń bẹ̀rù nísinsìnyí náà. Ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí àwọn ilé-ìwé káàkiri Amẹ́ríkà: ọlọ́pàá nínú ilé-ìwé máa ń dín ìjà kù, ìyẹn òtítọ́. Kò dín ìbọn yíyìn kù. Ó sì ń mú kí wọ́n máa lé ọmọ sílé, kí wọ́n máa mú wọn, àwọn ọmọ dúdú ló sì ń fara kó o jù. Ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní nǹkan tí wọ́n lè tọ́ka sí nínú ìwádìí kan ṣoṣo.

Àdùkẹ́ Chicago

Ẹ ṣeun Olùkọ́. Èmi ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tó ń dìbò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí Ìyá Mojí fi tèmi ṣe ẹ̀kọ́. Ní Chicago, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, Local School Council, òbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin dúdú kan, bọ́ọ̀dù àgbà dìbò 4 sí 3 pé kí ọlọ́pàá dúró, wọ́n wá ti ẹjọ́ sí wa lọ́rùn: kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu tirẹ̀. Orí Google Meet la ti ń jà. Ìyá kan ń sunkún pé wọ́n pa ọmọ òun níwájú ilé-ìwé, òun fẹ́ ọlọ́pàá. Ìyá kejì ń sunkún pé ọlọ́pàá ló ba ayé ọmọ òun jẹ́. Mo pa kámẹ́rà mi, mo bu omi mu.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wa kì í ṣe ẹkún. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀dù ní ilé-ìwé tó bá jọ̀wọ́ ọlọ́pàá máa rí owó gbà láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ la ti jókòó jẹ́ẹ́. Ìbéèrè yí padà láti "ṣé o fẹ́ ọlọ́pàá?" sí "tí èèyàn méjì bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ta ló ń dúró síbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ Monday?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn, yálà ó fẹ́ ọlọ́pàá àbí kò fẹ́, ariwo lásán ló ń pa.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2024, bọ́ọ̀dù àgbà kó gbogbo ẹ̀ kúrò: ọlọ́pàá 57 tó ṣẹ́kù ní ilé-ìwé 39, kọ́ńtíráàtì mílíọ̀nù 10.3 dọ́là. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ti dìbò pé àwọn fẹ́ ọlọ́pàá bínú, wọ́n ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká pinnu. Èmi ò fẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn èèyàn yẹn jàre.

Ẹ wo Denver náà. Bọ́ọ̀dù wọn yọ ọlọ́pàá ní 2020, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹta 2023, ní East High School, ọmọ kan tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ló ń yẹ ara rẹ̀ wò ní àràárọ̀ nítorí ìbọn, yìnbọn lu òṣìṣẹ́ méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, wọ́n dìbò 4 sí 3 láti dá ọlọ́pàá padà. Èmi máa ń bi ara mi pé, ta ló rò pé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ni kó máa tú ara ọmọ wò?

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Ẹ̀yin ṣì ń gbádùn, ẹ ṣì ń jiyàn! Ní Texas tiwa, wọ́n ti bá wa parí ẹ̀. Lẹ́yìn Uvalde, wọ́n ṣe òfin HB 3 ní 2023: ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní agbófinró oníbọn kan ó kéré tán. Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún ààbò nínú òfin yẹn ní 2023, kí wọ́n tó fi kún un ní 2025, jẹ́ 15,000 dọ́là fún ilé-ìwé kan, àti dọ́là 10 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún mi, ta ni ì bá ru ìbọn dúró nínú oòrùn Houston fún ọdún kan gbáko ní 15,000 yẹn? Bọ́ọ̀dù ló ń wá ìyókù, inú ìkòkò tí wọ́n ti ń bu owó olùkọ́ náà ni wọ́n sì ti ń bù ú. Wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀ pé bọ́ọ̀dù tí kò bá rówó tàbí tí kò rí èèyàn lè ṣàlàyé ara rẹ̀, kó wá ètò mìíràn. Ètò mìíràn yẹn lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa gbé ìbọn.

Ìyá Mojí, ẹ béèrè ta ló ń sanwó. Ìyẹn nìkan.

Akáńtì Àgbà

Ẹ kú àṣálẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ti kan ibi tó ń dùn mí. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fún ìjọba káúńtì kan ní Maryland kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ìyá Mojí, àwọn tó wà lórí WhatsApp yín ń sọ pé "ẹ lé ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ fi owó wọn gba olùdámọ̀ràn." Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé, kẹ́ ẹ wá owó oṣù ọlọ́pàá níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì, ẹ ò ní rí i, torí inú bọ́jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ti ṣẹ́ríìfù (olórí agbófinró káúńtì) ló wà. Ìkòkò méjì ni, aláṣẹ méjì ló ni wọ́n. Tí bọ́ọ̀dù bá ní kí ọlọ́pàá máa lọ lọ́la, ọlọ́pàá yẹn á kàn padà sí tẹ́ṣàn ni, owó oṣù rẹ̀ á bá a lọ. Kọ́bọ̀ kan ò ní já sọ́wọ́ olùdámọ̀ràn. Ti Los Angeles yàtọ̀, nítorí pé bọ́ọ̀dù wọn ló ni ọlọ́pàá tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gé mílíọ̀nù 25 dọ́là kúrò lára owó ọlọ́pàá ní 2020, kí wọ́n sì darí owó sí ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní 2021. Kẹ́ ẹ tó fi LA ṣe àpẹẹrẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ìkòkò ta ni.

Èkejì, òfin. Lẹ́yìn Great Mills tí Bàbá Káyọ̀dé sọ, Maryland ṣe òfin Safe to Learn ní 2018. Ó ní ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀, tàbí kí ọlọ́pàá àdúgbò máa mójú tó o dé ìwọ̀n tó yẹ. Nítorí náà bọ́ọ̀dù yín ò lè dìbò pé "a ò fẹ́ ọlọ́pàá rárá." Gbólóhùn "tàbí" yẹn ni gbogbo ìjà. Káúńtì Montgomery lo "tàbí" yẹn ní 2021, wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò nínú ilé-ìwé. Ní oṣù Kìíní 2022, ọmọ kan yìnbọn lu ọmọ mìíràn ní Magruder High School níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n kọ àdéhùn tuntun: ọlọ́pàá tó ń mójú tó ilé-ìwé mélòó kan ní àdúgbò, tí kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gbé mílíọ̀nù 10 dọ́là kalẹ̀ lọ́dọọdún fún gbogbo káúńtì lórí òfin yìí. Owó agbófinró ni, ẹ ò lè fi gba olùdámọ̀ràn.

Ta wá ni olè tó jí olùdámọ̀ràn Mojí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó Kòrónà. Ìjọba àpapọ̀ pín nǹkan bíi bílíọ̀nù 190 dọ́là fún àwọn ilé-ìwé nígbà mẹ́ta, wọ́n sì ní kí àwọn ilé-ìwé ti yan gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024 tó kọjá. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù fi owó tó ń tán gba èèyàn tí kò yẹ kó tán. Mo wí bẹ́ẹ̀ nígbà náà ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ní bàbá ti dàgbà jù.

Àti pé, bọ́ọ̀dù ilé-ìwé Maryland ò ní agbára láti bu owó orí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á béèrè ni. Káńsù káúńtì ló ń fún wọn, òun náà ló ń fún ọlọ́pàá. Orí tábìlì káńsù nìkan ni ìkòkò méjèèjì ti ń pàdé. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún owó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń gbọ́ tẹnu ará ìlú. Yàrá ìpàdé bọ́ọ̀dù máa ń kún. Mo ti jókòó sí ti káńsù rí tó jẹ́ pé èèyàn mọ́kànlá péré ló wà níbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn wá torí ajá tó ń gbó.

Àdùkẹ́ Chicago

Ajá kẹ̀! Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìyá Mojí, Maryland

Bàbá Akáńtì, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti tẹ ìwé àdéhùn yẹn jáde níbi iṣẹ́ ní òru, ojú ìwé 14. Mo fi bírò pupa fàlà sí i. Ibi tó kan òbí, gbólóhùn kan péré: ilé-ìwé "á gbìyànjú" láti pe òbí. Kò sọ ìgbà. IEP ò sí níbẹ̀ rárá.

Olùkọ́ Bísí

Ẹ ti rí ìṣẹ́jú méjì yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù yín. Ẹ má fi ìkíni jẹ ààbọ̀ ìṣẹ́jú bí a ṣe ń ṣe níbi ìnáwó. Orúkọ, ilé-ìwé ọmọ, ohun tí ẹ fẹ́, ó tán. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn lórí íméèlì kó tó di ọjọ́ náà, torí wọ́n á pa gbohùngbohùn mọ́ yín lẹ́nu tí àkókò bá pé. Ẹ sì mú iye ọmọ tí olùdámọ̀ràn kan ń mójú tó dání. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé Amẹ́ríkà ní ọmọ 250 ló yẹ kí ẹnì kan ní.

Bàbá Káyọ̀dé

Kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tó dáa. Ẹni tó bá múra dáadáa, wọ́n máa ń wo ojú rẹ̀. Èmi ṣì fẹ́ ọlọ́pàá o, ṣùgbọ́n "á gbìyànjú" yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá Mojí, Maryland

Mo ti dé o. Ààgo mọ́kànlá àbọ̀ ni mo fi wọlé lánàá.

Èmi ni ẹni kẹtàlélógún. Iná kékeré kan wà níwájú èèyàn, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa. Ó ti di yẹ́lò kí n tó rántí mí èémí. Mo ní mi ò wá sọ pé ẹ lé ọlọ́pàá, mi ò wá sọ pé ẹ kó wọn wá. Mo ní ojú ìwé kẹfà, ìlà kẹrin, ẹ yọ "á gbìyànjú," ẹ kọ "gbọ́dọ̀," ẹ fi kún un pé kí ọlọ́pàá tó bi ọmọ ní ohunkóhun. Mo ní ẹ kọ ti IEP sí i. Mo ní lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ẹnì kan, ọmọ 410 ló máa kan olùdámọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé wa. Mo fẹ́ sọ ti Dàmọ́lá, mílíìkì yẹn, iná pupa tàn.

Ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀dù, ẹni tí mo rò pé ó ń sùn, ṣí ojú ìwé kẹfà. Ó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà wọn pé kí ló dé tó fi jẹ́ "á gbìyànjú." Lọ́yà ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ látijọ́ nìyẹn. Wọ́n dìbò láti sún àdéhùn náà síwájú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tún un kọ, 5 sí 2. Ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n fọwọ́ sí i bó ṣe wà. Olùdámọ̀ràn ń lọ.

Akáńtì Àgbà

Kò tíì lọ. Ìbéèrè ni bọ́ọ̀dù fọwọ́ sí, wọn ò tíì fọwọ́ sí owó. Ẹ pe ọ́fíìsì káńsù lónìí, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀rí lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ forúkọ sílẹ̀ kíá.

Ìyá Mojí, Maryland

Mo ti pè wọ́n ní àkókò ìsinmi iṣẹ́. Oṣù Kẹrin ni, èmi ni nọ́ńbà keje. Obìnrin tó gbé fóònù ní tí àwọn kan bá fara mọ́ ohun tí mò ń sọ, kí wọ́n dìde dúró lẹ́yìn mi, wọn ò ní kà á mọ́ àkókò mi. Ẹni tó bá wà nítòsí, ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Olùkọ́ Bísí ti ní òun ń bọ̀. Màá se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, ìpàdé wọn kì í tètè parí.